Níbo Gan-an Ni Ọ̀fun Ti Ń Dí? Abẹ, Èémí àti Oorun Láàárín Àwọn Ará Marché Dakar

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Marché Dakar, ní agbègbè Douala 3 ní Cameroon, ti ń gbóná. Ẹrù ń sọ̀, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní bendskin ń fọn fèrè, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ọjà ní iye tó dáa gbọ́dọ̀ tètè jí. Síbẹ̀, kò sí ọjà tó tóbi tó báyìí, ì báà jẹ́ ní Douala, ní Kútọnu tàbí ní Ìbàdàn, tí ènìyàn kò ti ní rí ẹni tó ń tòògbé nídìí àtẹ rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn tó yí i ká á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé àríyá àná ló ń jà á. Ìyàwó tó wà nílé mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ló ń gbọ́ híhanrun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn; òun náà ló ń gbọ́ ìgbà tí híhanrun ọ̀hún dákẹ́ lójijì, tí yóò dìde jókòó nínú òkùnkùn, tí yóò máa dúró de èémí ọkọ rẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi ta gìrì, tí yóò sì fa èémí pẹ̀lú ariwo.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ń ta gìrì báyìí lóru lè gbọ́ pé ogun òru ni wọ́n ń bá a jà. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ nípa ìgbàgbọ́ yìí nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Transcultural Psychiatry, wọ́n sì ṣàlàyé bí ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ ṣe jọ àwọn àìsàn oorun àti ti ọpọlọ tí àwọn oníṣègùn mọ̀. Dókítà ọ̀fun kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ogun òru. Ó kàn ń béèrè pé: ta ló ń sùn tì yín, kí sì ni onítọ̀hún gbọ́?

Láti ẹ̀yìn imú títí dé ibi gògóńgò, kò sí egungun tó yí ọ̀fun ènìyàn po kí ó má baà rún. Ẹran rírọ̀ lásán ni. Nígbà tí ènìyàn bá lajú, ẹran yìí ń gbé ọ̀nà náà ṣí láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Tí oorun bá wọra, ó dẹ̀: àjà ẹnu rírọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ahọ́n á yọ́ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun á súnmọ́ra. Tí ọ̀nà bá ku díẹ̀ kó dí, híhanrun ni. Tó bá dí pátápátá, èémí dúró, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, ọkàn ń sáré, títí ọpọlọ yóò fi jí ẹni náà díẹ̀ kí ó lè mí. Lẹ́yìn náà, ó di ìgbà mìíràn. Àwọn oníṣègùn ń ka ìdádúró tó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìgbà tí èémí kò dúró tán ṣùgbọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó nǹkan. Fún àgbàlagbà, márùn-ún láàárín wákàtí kan ni ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn. 15 ti dé àárín. 30 ti le. Ẹni tó ní 40 kò mọ̀ pé òun jí nígbà 40. Ohun tó mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru láìka oògùn sí, pé òun sùn lórí ìjókòó ọkọ̀. Ewu kí awakọ̀ tó ní àìsàn yìí kó sí ìjàm̀bá lé ní ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní in, ó sì tó kí àwọn tó ń fi bendskin gbé èrò lọ sí oríta Ndokoti fetí sí i.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé àìsàn àwọn òyìnbó sísanra nìyí. Orílẹ̀-èdè Benin ló já irọ́ náà. Àwọn dókítà ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Lausanne ní Switzerland fi ẹ̀rọ kékeré wo oorun àwọn ènìyàn nílé wọn, ní ìlú Kútọnu àti ní abúlé Tanvè, nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní BeSAS. Èsì rẹ̀ jáde ní 2022 nínú The Lancet Respiratory Medicine. Nínú àwọn tó lé ní 1,800 tí àkọsílẹ̀ oorun wọn pé, nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún ni èémí wọn ń dúró tàbí ń dínkù nígbà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ará oko wà nínú wọn, àwọn tí kò sanra náà sì wà. Kò yẹ kí èsì yìí ya ẹnikẹ́ni tó ń wo ọ̀fun fún ìjẹun lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dáa kí iye wà nílẹ̀.

Ìtọ́jú tí gbogbo ayé kọ́kọ́ ń nà sí kì í ṣe abẹ. Ní 1981, Colin Sullivan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney ròyìn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé lóru kí ọ̀fun má baà pàdé. Òun ni CPAP. Ẹni tó bá lè lò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ kò nílò abẹ, òǹkọ̀wé yìí kò sì ní fi ìyìn ọ̀bẹ bo òtítọ́ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí yàrá kan lẹ́yìn Marché Dakar. Iná ń lọ ń bọ̀. Ooru ń mú, ìbòmú ń làágùn mọ́ ojú. Iye owó ẹ̀rọ tuntun lè gbé èrè ọjà ọ̀pọ̀ oṣù mì, ìbòmú àti rọ́bà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yí padà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà lè ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, pàápàá bí wọ́n bá pa ìkòkò omi rẹ̀ tó ń mú atẹ́gùn rọ̀. Òótọ́ sì ni pé àlòkù máa ń wọlé láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2021 ni ilé-iṣẹ́ Philips pe àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tó tó mílíọ̀nù mélòó kan padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè jẹrà, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ ra àlòkù kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ náà dáadáa.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti sú aláìsàn, ìbéèrè kan ló máa ń kù: «Dókítà, ẹ ò kúkú lè gé e kúrò?»

Kí ni a fẹ́ gé? Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ fún àìsàn yìí kò tilẹ̀ gé ohunkóhun kúrò nínú ọ̀fun. Ní 1969, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Henri Gastaut àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marseille ṣàkọsílẹ̀ ìdádúró èémí lójú oorun, Kuhlo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dá ihò sí ọrùn aláìsàn kan, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò, kí atẹ́gùn lè fo ọ̀nà tó ń dí náà kọjá. Ó ṣiṣẹ́. Títí di òní, kò sí iṣẹ́ abẹ mìíràn tó dájú tó o, nítorí pé kò béèrè ibi tí ọ̀fun ti ń dí; ó kàn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi ihò ọrùn jókòó nínú eruku àti èéfín ọjà? Fún ẹni tí ikú ti súnmọ́, tí kò sí ohun mìíràn, ó wà níbẹ̀. Fún ìyókù, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí wọ́n lè gé.

Àjà ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ikematsu ti ń gé e ní Japan láti àwọn ọdún 1960 nítorí híhanrun. Ní 1981, ọdún kan náà tí ẹ̀rọ Sullivan jáde, Fujita ní Detroit ròyìn iṣẹ́ abẹ tó ń yọ tọ́ńsìlì, tó ń gé bẹ́lúbẹ́lú àti etí àjà ẹnu rírọ̀, tó sì ń rán ìyókù pọ̀ kí ọ̀nà lè gbòòrò. UPPP ni wọ́n ń pè é. Ó tàn kálẹ̀ bí ìròyìn ayọ̀. Ní 1996, Sher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn èsì tó ti jáde jọ, wọ́n sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n ṣe é fún láìṣa ẹni tó yẹ, nǹkan bí 41 ló sàn fún. Ìtumọ̀ «ó sàn» náà tún ní ọgbọ́n nínú: àwọn oníṣẹ́ abẹ gbà pé ó ti yọrí bí iye ìdádúró bá dín sí ìdajì tó sì wá sí ìsàlẹ̀ 20. Ẹni tó bọ́ láti 38 sí 19 ti yege lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ àìsàn rẹ̀ ṣì wà ní àárín.

Ìròyìn gígé bẹ́lúbẹ́lú kì í ṣe tuntun létí wa. Àwọn wánzámì, onígbàjámọ̀ ilẹ̀ Hausa, ti ń gé e fún ọmọ tuntun láti ìgbà pípẹ́, àṣà náà sì rìn dé ilẹ̀ Yorùbá àti àríwá Cameroon. Ijaduola, dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kọ nípa ewu rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ọgbẹ́ tó kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Kamami ní Faransé gbé iná lésà dé ní 1990, ó ń fi jó bẹ́lúbẹ́lú àti etí àjà ẹnu. Ohun èlò yàtọ̀, ìrònú jọra: ohun tó ń gbọ̀n tó ń pariwo ni kí a mú kúrò. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oorun Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí lésà yìí fún ẹni tí èémí rẹ̀ ń dúró, àpá tó ń fi sílẹ̀ sì lè mú ọ̀nà náà há sí i. Ẹni tí ahọ́n ń dí lọ́fun, bí wọ́n gé bẹ́lúbẹ́lú rẹ̀ nígbà méjì, ahọ́n rẹ̀ wà níbi tó wà.

Nítorí náà ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù fi ṣáájú ọ̀bẹ. Ní 2002, Michael Friedman ní Chicago fi hàn pé ohun tí dókítà lè fi ojú lásán wò ń sọ ẹni tí abẹ àjà ẹnu yóò ràn lọ́wọ́: kí aláìsàn la ẹnu, kí dókítà wo bí tọ́ńsìlì ṣe tóbi tó àti bí ahọ́n ṣe bo àjà ẹnu tó, kí ó sì wọn ìsanra. Àwọn tí tọ́ńsìlì wọn tóbi, tí ahọ́n wọn kò bo nǹkan, nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn fún. Àwọn tí tọ́ńsìlì wọn kéré, tí ahọ́n sì ga, kò ju mẹ́jọ lọ. Ọ̀bẹ kan náà ni, iṣẹ́ abẹ kan náà. Tọ́ọ̀ṣì, pátákó ìtẹ-ahọ́n àti òṣùwọ̀n ni gbogbo ohun èlò tí èyí gbà, ilé ìwòsàn àdúgbò sì yẹ kó ní wọn. Òǹkọ̀wé yìí ka àbájáde Friedman sí ohun tó wúlò fún wa ju gbogbo ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Níbi tí agbára bá wà, wọ́n lè tún wò ó jinlẹ̀. Láti 1991 ni Croft àti Pringle ní London ti ń kun aláìsàn lóorun díẹ̀, tí wọ́n á wá ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí ọ̀fun ti ń pàdé nígbà tó bá ń hanrun. Ó gba dókítà akunnilóorun tó mọṣẹ́, nítorí ọ̀fun tó ń dí ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dí.

Abẹ àjà ẹnu ti òde òní kì í gé tó ti Fujita mọ́. Wọ́n ń yí ẹran ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun padà, wọ́n ń fà á síwájú, wọ́n ń rán an mọ́ra. Ní Sweden, nínú ìwádìí tó jáde ní 2013 lórí ènìyàn 65 tí wọ́n farabalẹ̀ ṣà, ìdádúró èémí dín ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ṣe abẹ, ó sì dín ní 11 péré fún àwọn tó ṣì ń dúró de tiwọn. Ní Ọsirélíà, èsì tó jáde ní 2020 lórí àgbàlagbà 102 tí CPAP kò bá lára mu fi hàn pé abẹ àjà ẹnu àti ahọ́n lápapọ̀ mú iye náà láti nǹkan bí 48 wá sí 21 láàárín oṣù mẹ́fà. Ó dáa gan-an. Ẹ sì tún wo 21 yẹn.

Egungun àgbọ̀n ni wọ́n ń fà síwájú nínú èyí tó lágbára jù. Riley àti Powell ní Stanford ló sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ayé mọ̀: wọ́n ń gé àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọ́n ń gbé méjèèjì síwájú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n sì ń fi irin tín-ín-rín dè wọ́n. Gbogbo ohun tó so mọ́ àgbọ̀n, ahọ́n àti àjà ẹnu, á tẹ̀ lé e. Nínú àkójọ èsì tí Holty àti Guilleminault gbé jáde ní 2010, 86 nínú ọgọ́rùn-ún ló sàn fún, àwọn tí iye wọn wá sí ìsàlẹ̀ márùn-ún sì jẹ́ 43. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ni, ó ń yí ojú padà, ètè ìsàlẹ̀ lè kú tipiri, yàrá ìtọ́jú líle sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Èyí tó ń dùn lẹ́nu àwọn oníròyìn jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì mọ́ abẹ́ awọ àyà. Ó ń rán iná díẹ̀ sí iṣan tó ń darí ahọ́n, ahọ́n á sì máa yọ síwájú bí ẹni náà ṣe ń mí. Èsì rẹ̀ jáde ní The New England Journal of Medicine ní oṣù kìíní 2014: nínú ènìyàn 126, agbedeméjì iye ìdádúró bọ́ láti 29.3 sí 9.0 láàárín ọdún kan, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i lọ́dún náà. Owó rẹ̀ ga fíofío, bí bátìrì rẹ̀ bá sì kú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, abẹ mìíràn ni wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Kí oníṣòwò Marché Dakar gbọ́ nípa rẹ̀, ó dáa. Kí ó má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Abẹ imú ńkọ́? Títún egungun imú tó wọ́ ṣe kì í sábà wo ìdádúró èémí. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹni tí kò lè fara da ìbòmú CPAP wá lè fara dà á. Abẹ ikùn tó ń dín jíjẹ kù ń ṣe ju èyí lọ fún ẹni tó sanra gan-an, síbẹ̀ Dixon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà rí i ní 2012, láàárín ènìyàn 60, pé àwọn tí wọ́n fi ọ̀já dè níkùn pàdánù nǹkan bíi kílò 28, ṣùgbọ́n ìdádúró èémí wọn kò dín tó bí a ṣe lè retí. Ní oṣù kejìlá 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tirzepatide, abẹ́rẹ́ tó ń dín ìsanra kù, fún àwọn tó sanra tí àìsàn yìí sì ń bá jà. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ni yóò padà sínú àpò.

Gbogbo èyí, àgbàlagbà ni. Fún ọmọdé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ti wúlò jù ní Douala. Ọmọ tó ń hanrun, tó ń la ẹnu sùn, tó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró, tí olùkọ́ ń pè ní alágídí tàbí olódo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé tọ́ńsìlì àti ẹran ẹ̀yìn imú rẹ̀ ló wú. Iṣẹ́ abẹ tí àwọn dókítà ọ̀fun mọ̀ ọ́n ṣe jù ni yíyọ méjèèjì. Ìwádìí CHAT tó jáde ní 2013 lórí ọmọ 464, láti ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án, fi hàn pé oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀, oorun 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe abẹ ti dára, nígbà tó jẹ́ 46 fún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa wò. Ẹ̀rí wà nínú iye kejì yẹn pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló yẹ kí a sáré gbé sórí tábìlì. Àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń ní tọ́ńsìlì ńlá gan-an. Abẹ wọn gba kí dókítà ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ṣáájú, kí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, kí omi má tán lára wọn, kí òtútù má mú wọn.

Nǹkan kan wà tí ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn. Oògùn ìrora tó ní codeine ti pa ọmọ lẹ́yìn abẹ tọ́ńsìlì, nítorí pé ara àwọn ọmọ kan ń sọ ọ́ di morphine kíákíá, èémí wọn tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀ á sì dúró pátápátá. Ní 2013, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ tó le jù sí ara rẹ̀ fún irú lílò yìí. Ní ọjà tí ènìyàn ti lè ra oògùn lórí àtẹ láìsí ìwé dókítà, paracetamol ni kí wọ́n dúró sí, kí wọ́n sì padà wá kíákíá bí ọmọ bá tu ẹ̀jẹ̀, àní bó ti di ọ̀sẹ̀ kejì.

Kí àgbàlagbà tó fọwọ́ sí ìwé abẹ èyíkéyìí, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí dókítà rẹ̀ lè dáhùn. Ìgbà mélòó ni èémí ń dúró láàárín wákàtí kan, níbi tí ẹ̀rọ ti kà á, kì í ṣe níbi tí ìyàwó ti rò ó? Níbo ni ọ̀fun ti ń dí? Ta ni yóò sì máa ṣọ́ ọ ní òru tí abẹ bá parí, nígbà tí oògùn oorun ṣì wà lára tí ọ̀fun sì ti wú? Kódà ẹni tó fẹ́ ṣe abẹ ìpákẹ̀ tàbí ti orúnkún gbọ́dọ̀ sọ fún akunnilóorun pé òun ń hanrun. Ìbéèrè mẹ́jọ tí Frances Chung àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò jọ ní Toronto ní 2008, STOP-Bang, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: híhanrun, àárẹ̀ ọ̀sán, ìdádúró tí ẹlòmíràn rí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìsanra, ọjọ́ orí tó kọjá 50, ọrùn tó nípọn, àti jíjẹ́ ọkùnrin.

Lẹ́yìn abẹ àjà ẹnu, híhanrun sábà máa ń dínkù kíákíá, gbogbo ilé á sì dúpẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ariwo lè lọ kí ìdádúró èémí ṣì wà, láìsí ohun tí yóò jí ìyàwó mọ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka èémí wọ̀ ọ́ sùn fún òru kan, kí wọ́n sì ka iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.